Àwo Ọbẹ̀ Tó Gba Orí Afárá Kọjá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń yà kí mi ní Makepe, nínú ìlú Douala yìí, lásìkò ìsinmi, ẹ ti bi mí títí ẹnu yín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. "Màmá Rísí, irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe tí àwọn ará Bonabéri fi ń sọ̀kalẹ̀ nínú taksí láti kí yín?" Ọ̀kan nínú yín fẹ́ ṣe dókítà, èkejì fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà, ẹ̀kẹta ní òun kò tíì mọ̀, kó ṣáà ti jẹ́ iṣẹ́ tó lówó lórí. Mo ti gbọ́ gbogbo yín. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ dojú fóònù dé, kí n ròyìn tèmi, kí ẹ fi kún èyí tí ẹ ń rò.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n bá àwọn òbí ṣọ́ ọmọ wọn, kí àgbàlagbà kankan má bàa bá ọmọ kékeré ṣe ìṣekúṣe. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí n jókòó ti ilé náà títí wọn yóò fi dìde dúró ti ọmọ wọn. Mo sọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ojú bá ń ti ilé láti dárúkọ, inú ilé náà ló máa ń fìdí kalẹ̀ sí. Orúkọ tí ìjọba ń pe iṣẹ́ náà ni asistántì sosiáàlì. Orúkọ tí àwọn ará wa ń pè é ni "obìnrin tó ń tojú bọ ilé onílé". Mo jẹ́ orúkọ méjèèjì, n kò sì kọ ìkankan.

Douala ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ó ń ta aṣọ ní New Bell. Faransé ni mo fi kàwé, Yorùbá ni ìyá mi fi ń bá mi wí, Píjìn ni mo fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi jà. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn rárá: mo ṣe ìdánwò, mo yege, wọ́n fi mí sábẹ́ Màdáámù Ròsalí. Ti owó oṣù, ẹ má bi mí. Nígbà tó wà, a jẹ ẹ́. Nígbà tí lakíríìsì dé, ìyẹn ọ̀dá owó tó kan gbogbo ìlú, ìjọba gé e, a sì ń báṣẹ́ lọ.

Màdáámù Ròsalí ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ Bàsá ni wọ́n, láti Edéa, obìnrin gíga tí kì í rẹ́rìn-ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Yorùbá méjì péré ni wọ́n gbọ́, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣeun", wọ́n sì ń kí àwọn ìyá wa ní "ẹ káàárọ̀" bí oòrùn bá tilẹ̀ ti ń wọ̀. Àwọn ìyá wa fẹ́ràn wọn nítorí ìyẹn. Èmi ni n kò kọ́kọ́ fẹ́ràn wọn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi dání lọ sí ilé kan, ọmọbìnrin kékeré kan jáde wá kí wa. Mo ṣe bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Mo fà á mọ́ra, mo fọwọ́ pa á lórí, mo ní, "Ọmọ dáadáa, báwo ni?" Màdáámù gbá mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ká ọmọ mọ́ ìdí ìkòkò ẹran.

"Rísí, ṣé o bi í?"

"Kí ni kí n bi í, Màdáámù?"

"Bóyá ó fẹ́ kí o fọwọ́ kan òun."

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní nílé tiwa, àgbà kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọdé kó tó gbé e. Ọmọ gbogbo wa ni. Wọ́n wò mí títí, bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ nǹkan tí wọ́n ti ń wá.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ibẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ yóò ti bẹ̀rẹ̀."

Inú bí mi délé. Mo ròyìn fún ìyá mi pé obìnrin Bàsá yìí kò mọ àṣà ẹnikẹ́ni. Ìyá mi kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nídìí ẹ̀fọ́ tó ń rẹ́. Ó ní, "Rísí, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Mo panu mọ́, mo sì padà lọ ní ọjọ́ kejì.

Màdáámù le. Wọn ò jẹ́ kí n bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ lójú ẹni tó ń bọ́ ọ. Wọn ò jẹ́ kí n sọ fún ọmọ pé "sọ òtítọ́", torí ó dà bíi pé mo ti pè é ní onírọ́ kó tó lanu. Bí ọmọ bá ní kí n búra pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò gbọ́dọ̀ búra, kí n ní, "Màá sọ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́ nìkan." N kò sì gbọ́dọ̀ sunkún lójú ọmọ. Mo sunkún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n jáde síta. "Bó o bá ń sunkún," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n bá mi níta, "ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tù ọ́ nínú. Ta ni yóò wá tu òun nínú?"

Èyí tó sú mi jù ni ti ilé mi. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀ kí n sì fi í sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ ọ̀nà ilé mi. Dèídò ni mo ń gbé nígbà náà, lẹ́sẹ̀ afárá odò Wúrì, tí ènìyàn bá ti Bonabéri bọ̀. Gbogbo ọmọ tí mo bá bá pàdé ni mo ń kọ́ bí orin: kọjá afárá, yà níbi ìyá tó ń dín pọ́fupọ́fu, ilẹ̀kùn búlúù. Ọkọ mi ráhùn títí. Ó ní mo ti sọ ilé òun di ibùdókọ̀. Àmọ́ ọdún ń gorí ọdún, ọmọ kankan kò kan ilẹ̀kùn náà, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àṣejù Màdáámù lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti irinṣẹ́ wa, torí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí fẹ́ràn irinṣẹ́. Àwòrán ńláńlá ni wọ́n ń kó wá fún wa láti Yaoundé, ìdílé òyìnbó kan àti ajá wọn. Bí mo bá gbé e kọ́ níbi ìpàdé àjọ àwọn obìnrin wa ní ọjọ́ Àìkú, ajá náà ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan bi mí bóyá ajá náà ló ṣe nǹkan ọ̀hún. Màdáámù ká àwòrán náà kúrò. Mo tọ télọ̀ kan lọ, mo gba àjákù àǹkárá, mo rán ọmọlangidi tó jọ wá: bàbá, ìyá, ọmọ, àti àlejò. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò bá yọ lẹ́nu rẹ̀ lè gbé àlejò jìnnà sí ọmọ. Àwọn ìyá náà sì ń kọ́ ọmọ wọn ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara láìtijú, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún wọn pé àṣírí tí àgbà bá ní kí wọ́n pa mọ́ fún ìyá, òun gan-an ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ìyá.

Lẹ́yìn náà ni lakíríìsì wá dé tòun ti ìyà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń tì ní Bonabéri, ẹni tó ń gbowó oṣù lánàá ń ta gúgúrú lónìí. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wa ṣì ń ti ilé bọ̀, wẹ́dà, télọ̀, mẹkáníìkì, wọ́n ń wọ yàrá tí ènìyàn ti kún. Gbogbo ènìyàn fẹ̀yìn ti ẹni tó bá ṣì dúró. N kò sọ pé olóore burú o. Olóore ló gba èmi náà là ní ọdún wọ̀nyẹn, mo sì ń dúpẹ́ títí di òní. Àmọ́ àwọn baba wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ náà dára, mo fi tọ́ ọmọ tèmi. Ohun tí n kò tíì bi ara mi nígbà náà ni pé, ta ni a ń rán láti lọ dúpẹ́?

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó ni ín ló ní kí n sọ ọ́. Mo ti pààrọ̀ orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní Àdùkẹ́. Ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án ni, ó ń lọ sílé ìwé ní Bonabéri. Wẹ́dà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń ra tòmátò ní ọjà Sandaga, á wá tà á ládùúgbò. Ọkùnrin tó kọ́ bàbá rẹ̀ níṣẹ́ ń gbé lódìkejì ojú irin rélùwéè, Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òun ló mú bàbá Àdùkẹ́ wọ mọ́tò láti ilé wá, òun ló ni ẹ̀rọ tí bàbá náà fi ń jó irin. Ìyàwó rẹ̀ kò sí nítòsí. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa, ojoojúmọ́ ni Ìyá Àdùkẹ́ ń bu oúnjẹ sínú àwo onídèérí, á fi aṣọ dì í, Àdùkẹ́ á gbé e lọ fún Ọ̀gá bó bá ti ilé ìwé dé. Ọpẹ́ ni. Kò sí ẹni tó rí àbùkù kankan níbẹ̀, èmi náà kò rí i.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, níbi ìpàdé àjọ, Ìyá Àdùkẹ́ mú ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ wá, àbọ̀ ẹ̀rín àbọ̀ ìbínú. Ó ní, "Ẹ bá mi wo ọwọ́ ọmọ yìí o. Kò di nǹkan mú mọ́. Ọbẹ̀ tí mo bá sè fún Ọ̀gá bàbá rẹ̀, ilẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Mo nà án, bàbá rẹ̀ nà án, ó tún dà á nù lọ́jọ́ kejì."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní eré ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òmíràn ní kó máa so àwo náà mọ́ ọn lórí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí nǹkan kan tó ta mí nínú.

"Ìyá Àdùkẹ́, ta ló ń pọnmi fún yín?"

"Àdùkẹ́ náà ni."

"Ṣé omi máa ń dànù?"

"Omi kẹ̀? Korobá á kún dẹ́nu, kò ní kán sílẹ̀ títí yóò fi délé."

"Tòmátò tó ń bá ọ gbé ti Sandaga bọ̀ ńkọ́?"

"Kò fọ́ rí."

"Ó máa ń gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò ọkọ rẹ tó wà lẹ́yìn ilé. Ṣé tiẹ̀ náà máa ń dànù?"

"Rárá o, tiẹ̀ kò dànù rí," ni Ìyá Àdùkẹ́ wí. Ẹ̀rín àwọn obìnrin náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìkẹyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè rẹ̀ wé láìnídìí.

Ọ̀la rẹ̀ ni mo lọ. Mo bá Àdùkẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bi í bóyá mo lè jókòó ti òun, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. A jọ ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó yá, mo ní, "Mo gbọ́ pé ọbẹ̀ Ọ̀gá máa ń dànù." Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo ní, "Mo tún gbọ́ pé omi kì í dànù." Ó wò mí fìrí, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

"Bí mo bá dà á nù nítòsí ilé," ló wí jẹ́jẹ́, "wọ́n á bu òmíràn fún mi. Mo ń dà á nù nítòsí rélùwéè. Kí n tó padà débí, ọbẹ̀ ti tán nínú ìkòkò."

"Wọ́n á sì nà ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹgba yẹn sàn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo wọn lọ. Mo fẹ́ sunkún, mo rántí Màdáámù, mo gbé e mì. Èyí tí Àdùkẹ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn, tòun ni, n kò ní sọ ọ́ níbí. Mo sọ fún un pé mo gbà á gbọ́. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, kò sì lè jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀ láé. Mo ní ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́, èmi ni màá sì sọ ọ́. Kí n tó dìde, mo kọ́ ọ ní ọ̀nà ilé mi. Ó tún un sọ fún mi: kọjá afárá, ìyá pọ́fupọ́fu, ilẹ̀kùn búlúù.

Ìyá rẹ̀ kò jiyàn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Èmi ni mò ń bu ọbẹ̀ náà." Mo ní òun náà ló mú ọ̀rọ̀ wá síta, kó má gbàgbé ìyẹn. Àwo ọbẹ̀ kò tún jáde nílé náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ti bàbá ló ṣòro. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Màmá Rísí, ọkùnrin tó sọ mí di ènìyàn nìyẹn. Ẹ̀rọ yìí, tiẹ̀ ni. Tí mo bá gbé ọlọ́pàá ká a mọ́lé, kí ni wọ́n á máa pè mí nílé?"

"Wọ́n á máa pè ọ́ ní Bàbá Àdùkẹ́," ni mo fi dá a lóhùn.

Ó tún gíláàsì wọ̀. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó lọ sọ fún Bàbá Alága, tó jẹ́ olórí àwọn ará wa ní Bonabéri. Nígbà tí Màdáámù gbọ́, wọ́n bínú. Wọ́n ní òfin ló ṣáájú, àwọn àgbà ló ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìgbà vílì mọ́ọ̀tù ni, àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń ti gbogbo ìlú pa nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, tí ọjà kì í ná, tí taksí kì í rìn, tí ọ́fíìsì náà wà ní títì. A fi í sí pé ọjọ́ tí ìlú bá kọ́kọ́ ṣí, a ó mú ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà àti ọlọ́pàá. Bàbá Alága ránṣẹ́ sí mi pé àwọn náà kò ní ṣe ìpàdé kankan lẹ́yìn wa. Mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, àgbà ni wọ́n.

Àwọn àgbà ṣe ìpàdé náà ní ọjọ́ tí taksí kankan kò lè gbé mi débẹ̀. Ilé Ọ̀gá ni wọ́n pé sí, Ọ̀gá sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn. Ẹ ó rí i pé n kò pè é ní "wọ́n" láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ó ní bí òun bá ṣẹ̀, kí wọ́n dárí ji òun, iṣẹ́ èṣù ni. Ẹ mọ ilé wa. Bí àgbàlagbà bá ti dojú bolẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ara á máa ni, wọ́n á fẹ́ kó tètè dìde. Wọ́n ní ó ti tó. Wọ́n ní kí Ìyá Àdùkẹ́ se ọbẹ̀, kí ọmọ gbé e wá bí ó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kó kúnlẹ̀ gbé e fún Ọ̀gá, kí Ọ̀gá wúre fún un, kí ìjà sì parí. Bàbá Àdùkẹ́ wà níbẹ̀. Kò lè lanu. Ìyá náà se ọbẹ̀ tòun ti omijé, ó di àwo náà láṣọ, ó gbé e ru ọmọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń gbàdúrà kó tún dà á nù.

Èmi wà nílé ní Dèídò, mò ń fọ aṣọ. Ìgboro dákẹ́ rọ́rọ́, àfi àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, mo rí Àdùkẹ́ pẹ̀lú àwo lórí, eruku dé orúnkún. Dípò kó kọjá ojú irin lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, ọ̀nà afárá ló yà sí. Ó gba orí odò Wúrì kọjá láàárín àwọn àgbàlagbà tó ń fẹsẹ̀ rìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán, Mà."

Mo gbé àwo náà kalẹ̀ fún un. Aṣọ tí wọ́n fi dì í mọ́ tónítóní. Mo ṣí ìdérí. Ọbẹ̀ náà pé, kò kán sílẹ̀ rárá. Mo fẹ́ fà á mọ́ra bí aṣiwèrè, ọwọ́ mi ti ń lọ, mo bá rántí. Mo ní, "Àdùkẹ́, ṣé kí n dì mọ́ ẹ?"

Ó rò ó. "Ẹ fún mi lómi ná."

Mo fún un lómi. Nígbà tó mu ún tán, òun fúnra rẹ̀ wá fara tì mí.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ó ti sáré títí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní nígbà tí ọmọ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, gbogbo Bonabéri ń wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Òun nìkan ló rántí orin ọ̀nà ilé mi, torí ọmọ náà ti ń kọ ọ́ nídìí àwo fífọ̀. Bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e wọlé. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí àwo tó wà nílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́.

"Àdùkẹ́," ló wí, "kí ló dé tí o kò dà á nù lónìí?"

"Ibi tí mò ń lọ lónìí, Dádì, mo fẹ́ débẹ̀."

Bàbá náà jókòó sílẹ̀. Ó fa àwo náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó nu àwo mọ́, ó ní, "Ọbẹ̀ ọpẹ́ ti parí nílé mi." Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní kó dárí ji òun. Ó bi mí pé níbo ni ọlọ́pàá wà tó ṣí lọ́jọ́ bí òní. Mo ránṣẹ́ sí Màdáámù, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ wọn, gbogbo wa sì jọ lọ.

Kò rọrùn lẹ́yìn náà, n kò ní tàn yín. Àwọn ará Ọ̀gá gba ẹ̀rọ wọn. Bàbá Àdùkẹ́ lọ ń ru àpò àlùbọ́sà ní Sandaga kí ọmọ lè jẹun. Àwọn kan kò kí mi mọ́, wọ́n ní mo ta ọmọ Yorùbá fún ìjọba. Àmọ́ ẹjọ́ náà rìn, ó pẹ́, ó sì dé ibi tó yẹ. Ọ̀gá lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn ìdílé mìíràn tí ọmọ wọn ti ru àwo débẹ̀ rí wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì jókòó tì wọ́n. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àjọ kò fi Ìyá Àdùkẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá bi mí ta ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù, àwọn obìnrin yẹn wà níwájú.

Bàbá Alága náà wá. Wọ́n wá lọ́sàn-án gangan, kí ojú gbogbo ayé lè rí wọn. Wọ́n ní àwọn ti kọ́ ọgbọ́n látọ̀dọ̀ ọmọdé. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n dìde, wọ́n sọ ọ́ di òfin láàárín wa ní Bonabéri pé ẹni tó bá jẹ oore ni kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ọpẹ́ lọ. A kò gbọ́dọ̀ rán ọmọ mọ́. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹ ó máa rí àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń gbé abọ́ onídèérí lọ kí ọ̀gá wọn ní ọjọ́ Àìkú, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọdún pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Màdáámù fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti lọ bá àwọn baba wọn. Ní ọjọ́ tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, wọ́n ní "ẹ ṣeun" fún mi, ó sì bọ́ sí àsìkò tó yẹ. Àwọn ọmọlangidi mi gbó, fóònù dé. Àlejò tí mò ń rán pẹ̀lú àǹkárá ti wọ inú fóònù ọmọ báyìí, tí ìyá kò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ìyá lórí Wasáàpù, mo sì ń ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì. Irinṣẹ́ ń yí padà, ìbéèrè kò yí padà: ibo ni ọmọ rẹ kì í fẹ́ lọ, ṣé o sì ti bi í léèrè ìdí?

Bàbá Àdùkẹ́ padà rí ẹ̀rọ tiẹ̀ nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Makepe níbí. Ó kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Àdùkẹ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà báyìí, obìnrin wẹ́dà, géètì tí ẹ ń tì wọlé sọ́dọ̀ mi yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. N kò san kọ́bọ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí mi, ọmọ kékeré tí Yorùbá rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, Faransé ló kún ẹnu rẹ̀. Mo ti dín pọ́fupọ́fu dè é. Inú mi dùn láti rí i, mo gbàgbé ara mi, gbogbo ọdún wọ̀nyẹn fò lọ lórí mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ní, "Wá, wá dì mọ́ ìyá àgbà."

Ọmọ náà dúró. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ìyá rẹ̀. Àdùkẹ́ kò tì í, kò ní "lọ kí Màmá", kò sọ fún un pé èmi ni mo ṣe èyí, mo ṣe tọ̀hún. Ó kàn bi í pé, "Ṣé o fẹ́?"

Ó rò ó dáadáa. Ó ní, "Nọ́ọ̀n, Mèmé," ìyẹn ni pé rárá, ìyá àgbà, ó mú pọ́fupọ́fu kan, ó sì jókòó jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mo ká ọwọ́ mi padà sí itan. Omi bọ́ lójú mi. Gbogbo ọpẹ́ tí mo ti dú láyé, n kò dú èyí tó ti inú mi wá bí èyí rí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi."